Géèmù ẹgbẹ̀rún, a ò rí èyí tá a fẹ́: ìdáhùn sí ìbéèrè yín lórí títo ìkójọ géèmù

Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí lórí géèmù pọ̀ débi pé a ya gbogbo abala yìí sọ́tọ̀ fún un. Ẹni tó bá ti ń ra géèmù, tó sì ń gba ti ọ̀fẹ́ fún ọdún mẹ́wàá, kò lè fi orí nìkan mọ ohun tó ní mọ́. Níbi tí orúkọ bọ́tìnnì bá ti wà lójú ẹ̀rọ lédè Gẹ̀ẹ́sì, bẹ́ẹ̀ náà la kọ ọ́, kí ẹ lè rí i tí ẹ bá ń wá a. Steam, Epic àti GOG tí ẹ máa rí nísàlẹ̀ jẹ́ ṣọ́ọ̀bù géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní géèmù tó irinwó lórí Steam, mo sì ń gba ti ọ̀fẹ́ tí Epic máa ń fi sílẹ̀. Díẹ̀ tún wà lórí GOG. Láìpẹ́ yìí ni mo ra géèmù kan lórí Steam, àṣé mo ti ní in lórí Epic. Báwo ni mo ṣe lè rí gbogbo wọn lójú kan? (Òǹkàwé, Ìbàdàn)

Àkọsílẹ̀ kan ṣoṣo tó ń ka gbogbo ṣọ́ọ̀bù wọ̀nyẹn lẹ nílò. Lórí Windows, ètò kan tó ń jẹ́ Playnite la yàn. Ọ̀fẹ́ ni, kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba, orí kọ̀ǹpútà yín sì ni àkọsílẹ̀ rẹ̀ ń gbé. GOG Galaxy náà ń kó ṣọ́ọ̀bù pọ̀, àmọ́ ìsopọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú àwọn yòókù máa ń já, torí pé àwọn olólùfẹ́ géèmù ló ṣe ọ̀pọ̀ nínú ìsopọ̀ náà. Ẹni tó ń lo Linux lè mú Heroic fún Epic, GOG àti Amazon, tàbí kó mú Lutris.

Tí Playnite bá ti wọlé, ẹ lọ sí Add-ons, kí ẹ mú Steam, Epic àti GOG lábẹ́ Libraries. Ẹ wọlé sí ákáǹtì kọ̀ọ̀kan látibẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ tẹ Update Game Library. Ibi méjì ni wàhálà ti máa ń wá. Bí Game details bá wà ní Private nínú ètò ìpamọ́ ákáǹtì Steam yín, àkọsílẹ̀ Steam lè dé lófìfo. Ẹ ṣí i sí Public títí gbogbo rẹ̀ á fi wọlé tán. Èkejì ni pé Playnite á fẹ́ fa àwòrán àti àlàyé géèmù kọ̀ọ̀kan wálẹ̀. Fún géèmù ẹgbẹ̀rún kan, dátà kékeré kọ́ nìyẹn. Ẹ mú àmì kúrò níbi tó ti ń fà á fúnra rẹ̀, kí ẹ wá ṣe é lọ́jọ́ tí Wi-Fi tó dára bá wà.

Ní ti èyí tí ẹ rà lẹ́ẹ̀mejì, ẹ má pa ọ̀kan rẹ́ nínú Playnite. Tí ẹ bá pa á rẹ́ lásán, ọjọ́ tí ẹ bá tún Update tẹ̀ ni yóò padà wá, torí pé ó ṣì wà nínú ákáǹtì yín. Ẹ fi pamọ́ pẹ̀lú Hide, tàbí kí ẹ lo àfikún tó ń jẹ́ Duplicate Hider. Kò ní rí gbogbo ẹ̀dà o: àmì bíi ™ lè mú kí orúkọ kan dà bíi méjì, “Definitive Edition” àti ti àkọ́kọ́ á sì máa dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Torí náà, kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ tẹ ọ̀rọ̀ kan péré nínú orúkọ rẹ̀ sínú àpótí ìwákiri Playnite. Kò gbà ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta lọ.

Ohun kékeré kan tún wà tó ń da àwọn tó ní géèmù púpọ̀ láàmú. Bí ẹ̀rọ bá fi álífábẹ́ẹ̀tì to nọ́ńbà ará Róòmù, IX á ṣáájú V. Nínú Playnite, géèmù kọ̀ọ̀kan ní àyè tó ń jẹ́ Sorting Name. Fún Final Fantasy IX, ẹ kọ “Final Fantasy 09” síbẹ̀. Orúkọ tó hàn lójú kò ní yí padà, ṣùgbọ́n á tò dáadáa. Ẹ kọ ọ́ ní 09, kì í ṣe 9, kí 10 má bàa wá síwájú rẹ̀.

Mo ti ṣe Collections (ìsọ̀rí tí èèyàn ń kó géèmù rẹ̀ sí) mọ́kànlélógójì lórí Steam: RPG, eré ìje, eré bọ́ọ̀lù, ti ìbẹ̀rù, ti ará Japan, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Síbẹ̀, tí mo bá délé lálẹ́, mo lè wò ó fún ogún ìṣẹ́jú láìmọ èyí tí màá ṣe. (Òǹkàwé, Peckham, Lọ́ńdọ̀nù)

Irú géèmù kọ́ ló yẹ kí ẹ fi tò ó. Steam ti mọ irú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ohun tí Steam kò lè mọ̀ ni ibi tí ẹ bá eré náà dé, àti ohun tí ẹ ní lọ́kàn fún un. Ẹ pa ọ̀pọ̀ nínú mọ́kànlélógójì náà rẹ́ (pípa Collection rẹ́ kì í pa géèmù inú rẹ̀ rẹ́), kí ẹ fi márùn-ún rọ́pò rẹ̀: “1 Mò ń ṣe é”, “2 Ó kàn”, “3 Mo parí rẹ̀”, “4 Mo pa á tì”, “5 Ti àlejò”. Nọ́ńbà iwájú ni kò ní jẹ́ kí álífábẹ́ẹ̀tì dà wọ́n rú. Ẹ má jẹ́ kí èyí tó wà nínú àkọ́kọ́ ju mẹ́rin lọ, kí èyí tó wà nínú èkejì má ju mẹ́wàá lọ. Tí ẹ bá délé, inú méjì yìí nìkan ni kí ẹ wò.

“Mo pa á tì” ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe rò lọ. Géèmù tí ẹ ti fún ní wákàtí méjì tí kò wọ̀ yín lára, ẹ gbé e síbẹ̀ láìbojú wẹ̀yìn. Tí kò bá sí ibi tí irú wọn ń lọ, “Ó kàn” ni wọ́n máa wọ́ sí, á sì tún kún bíi ti tẹ́lẹ̀.

Fún ìyókù, ẹ lo Dynamic Collection. Òfin lẹ máa fún un, bíi géèmù tí ènìyàn méjì lè ṣe lórí àga kan náà tàbí èyí tó gba kọ̀ǹtírólà, Steam fúnra rẹ̀ á máa kó èyí tó bá òfin náà mu wọlé. Ẹ ò lè fọwọ́ ju géèmù kan sínú irú Collection bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi máa ń rò pé ó bàjẹ́. Láti gbé géèmù púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ di Ctrl mú kí ẹ máa tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan; tí wọ́n bá tẹ̀lé ara wọn, ẹ tẹ ti àkọ́kọ́, ẹ di Shift mú, ẹ tẹ ti ìkẹyìn.

Mo fẹ́ pààrọ̀ láptọ́ọ̀pù. Géèmù orí ti àtijọ́ tó 1.3 TB, mi ò sì lè fi dátà fà wọ́n wálẹ̀ mọ́. Mo ti ra háàdì dískì USB tó jẹ́ 2 TB. Báwo ni màá ṣe kó wọn tí nǹkan ò fi ní bàjẹ́, pàápàá bí iná ṣe ń lọ tó ń bọ̀? (Òǹkàwé, Abẹ́òkúta)

Òótọ́ lẹ sọ ní ti dátà. Géèmù 100 GB lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń sáré ní 20 Mbps á gba bíi wákàtí mọ́kànlá. Tí háàdì dískì USB 3.0 bá ń sáré ní 100 MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún ni. Ẹ fi wáyà rẹ̀ sí ihò tó jẹ́ USB 3.0 o, tí inú rẹ̀ sábà máa ń ní àwọ̀ búlúù. Lórí ihò USB 2.0, iṣẹ́ náà á falẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́ta. Ẹ má sì bẹ̀rù tí Windows bá ní 1.81 TB ló wà lórí 2 TB tí ẹ rà. Ẹni tó ṣe dískì ń fi ẹgbẹ̀rún kà, Windows ń fi 1,024 kà.

Ẹ wo irú fọ́mátì tó wà lórí dískì náà kí ẹ tó kó nǹkan sí i. FAT32 kò lè gba fáìlì kan tó ju 4 GB lọ, bẹ́ẹ̀ inú géèmù òde òní kún fún irú fáìlì bẹ́ẹ̀. exFAT á gbà á, ṣùgbọ́n kò ní ìwé àkọsílẹ̀ inú tó fi ń tún ara rẹ̀ ṣe tí iná bá lọ lójijì. NTFS ní in. Tó bá jẹ́ Windows nìkan lẹ ń lò, NTFS ni kí ẹ mú.

Ẹ má fi máúsì wọ́ 1.3 TB. Tí iná bá lọ ní agbedeméjì, ẹ ò ní mọ èyí tó ti dé àti èyí tó kù. Robocopy, ètò ìdàkọ tó wà nínú Windows, ni kí ẹ lò. Ẹ pa Steam, ẹ ṣí Command Prompt (fèrèsé tí a ti ń tẹ àṣẹ fún Windows), kí ẹ kọ ọ́ báyìí, tó bá jẹ́ pé orí D ni géèmù wà, tí dískì tuntun sì jẹ́ E:

robocopy D:\SteamLibrary E:\SteamLibrary /E /R:2 /W:5

/E ní kó kó gbogbo fódà inú rẹ̀. /R:2 àti /W:5 ní kó gbìyànjú lẹ́ẹ̀mejì tí fáìlì kan bá kọ̀, kó dúró fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún láàárín. Tí ẹ ò bá kọ ọ́, mílíọ̀nù kan ìgbà ni robocopy máa gbìyànjú, lórí fáìlì kan ṣoṣo. Tí iná bá lọ, tó padà dé, ẹ tún tẹ ọ̀rọ̀ kan náà: á fò èyí tó ti dé, á sì tún kó èyí tó dé lábọ̀. Ẹ ṣọ́ra fún /MIR tí ẹ lè rí níbòmíràn. Ohunkóhun tó wà lórí E tí kò sí lórí D ni yóò pa rẹ́.

Lórí láptọ́ọ̀pù tuntun, ẹ ṣí Steam, ẹ lọ sí Settings, Storage, kí ẹ fi dískì náà kún un. Nínú fódà steamapps, géèmù fúnra rẹ̀ wà nínú common, fáìlì kékeré kan tó ń jẹ́ appmanifest pẹ̀lú nọ́ńbà sì wà fún géèmù kọ̀ọ̀kan. Fáìlì kékeré yìí ni Steam fi ń mọ̀ pé géèmù ti wà nílẹ̀. Tí ẹ bá kó common nìkan, Steam á ní kò sí nǹkankan. Kò tíì burú: ẹ tẹ Install, ẹ yan dískì yẹn, á rí fáìlì tó wà níbẹ̀, á yẹ̀ ẹ́ wò, á sì fa ìwọ̀nba tó kù wálẹ̀.

Ti Epic nílò ọgbọ́n díẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ Install lórí ẹ̀rọ tuntun, ẹ jẹ́ kó dé ìdá kan tàbí méjì nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ dá a dúró, kí ẹ pa Epic pátápátá. Ẹ da fódà géèmù àtijọ́ lé orí èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀, ẹ ṣí Epic padà, ẹ tẹ Resume. Á yẹ fáìlì wò dípò kó fà á wálẹ̀.

Tí láptọ́ọ̀pù méjèèjì bá ṣì wà lọ́wọ́ yín, ẹ lè má nílò dískì fún ti Steam. Láti 2023 ni Steam ti lè gba géèmù látorí kọ̀ǹpútà mìíràn tó wà lórí ráútà kan náà. Ẹ wọlé sí Steam lórí àwọn méjèèjì, ẹ wo Settings, Downloads, kí ẹ rí i pé Game file transfer over local network wà ní títàn, kí ẹ wá tẹ Install lórí tuntun. Wáyà LAN yá ju Wi-Fi lọ.

Ẹni tó bá mi tún Windows ṣe pa ohun gbogbo rẹ́. Mo ti fa géèmù wálẹ̀ padà, ṣùgbọ́n ọgọ́rin wákàtí tí mo lò lórí ọ̀kan ti lọ. Kí ni kí n ṣe kó má tún ṣẹlẹ̀? (Òǹkàwé, Òṣogbo)

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Nínú gbogbo ìkójọ géèmù, sèéfù, ìyẹn fáìlì tó rántí ibi tí ẹ bá eré dé, ni ohun kan ṣoṣo tí owó kò lè rà padà. Ó sì kéré níwọ̀n; fíláàṣì lásán lè gba ti ọgọ́rọ̀ọ̀rún géèmù.

Wàhálà rẹ̀ ni pé kò ní ibùdó kan. Àwọn kan ń gbé nínú Documents\My Games, àwọn kan nínú Saved Games, ọ̀pọ̀ wà nínú AppData tí Windows máa ń fi pamọ́ (Local, LocalLow tàbí Roaming), àwọn mìíràn sì wà nínú userdata ti Steam. Èyí tó burú jù ni èyí tó ń gbé inú fódà géèmù fúnra rẹ̀, torí pé yíyọ géèmù lè pa á rẹ́.

Ẹ má wulẹ̀ máa wá wọn kiri. Ètò ọ̀fẹ́ kan wà tó ń jẹ́ Ludusavi, ìmọ̀ tí àwọn tó ń kọ ìkànnì PCGamingWiki kó jọ ló sì fi ń mọ ibi tí sèéfù géèmù kọ̀ọ̀kan wà. Ẹ yan fódà kan lórí dískì ìta, ẹ tẹ Preview kí ẹ rí ohun tó fẹ́ kó, kí ẹ tó tẹ Back up. Ẹ máa ṣe é lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, àti ní gbogbo ìgbà tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fọwọ́ kan Windows yín. Tí orúkọ tí ẹ fi ń wọlé sí Windows tuntun bá yàtọ̀ sí ti àtijọ́, ojú ọ̀nà fáìlì ti yí padà nìyẹn. Ẹ lo Redirects nínú Ludusavi láti júwe tuntun fún un kí ẹ tó tẹ Restore.

Steam Cloud, tó ń tọ́jú sèéfù sórí íntánẹ́ẹ̀tì, dára, àmọ́ kì í ṣe gbogbo géèmù ló ń lò ó. Lórí ẹ̀rọ tuntun, ẹ dúró kó kọ́kọ́ mú sèéfù wálẹ̀ kí ẹ tó tẹ Play. Tó bá béèrè pé ti orí ẹ̀rọ tàbí ti Cloud, ọjọ́ tó wà lára méjèèjì ni kí ẹ kà. Lórí ẹ̀rọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, èyí tí ọjọ́ rẹ̀ jẹ́ òní lè jẹ́ eré tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti òdo, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń fi ọwọ́ ara wọn nu ọgọ́rin wákàtí dànù. Tí iyèméjì bá wà, ẹ pa fèrèsé náà láìyan ohunkóhun, ẹ da fódà sèéfù náà kọ síbòmíràn ná.

PS5 ọmọ mi kún. Mo ra háàdì dískì ìta 2 TB, ó gbé géèmù sí i, ṣùgbọ́n ó ní wọn ò ṣí láti ibẹ̀. Ṣé wọ́n tà mí ní ayédèrú ni? (Ìyá ọmọ, Ṣúrùlérè)

Rárá, mà. Dískì USB lè tọ́jú géèmù PS5, kò lè mú kó ṣiṣẹ́. Ti PS4 ló lè ṣiṣẹ́ láti orí rẹ̀. Ẹ ní kó gbé gbogbo ti PS4 lọ sórí dískì yẹn, kí inú PS5 jẹ́ ti géèmù PS5 tó ń ṣe lọ́wọ́ nìkan. Nínú 825 GB ti PS5 àkọ́kọ́, bíi 667 GB ló kù fún géèmù. Èyí tí kò ṣe lọ́wọ́, kó gbé e sórí USB. Kíkó o padà sínú yá ju fífà á wálẹ̀ lọ fíìfíì. Tí ẹ bá máa ra àfikún tó ń ṣiṣẹ́ gan-an, M.2 SSD (dískì pẹlẹbẹ tí a ń fi sínú PS5) tó jẹ́ PCIe Gen 4 ni, tó ń ka 5,500 MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan ó kéré tán, pẹ̀lú irin tó ń gba ooru lára rẹ̀.

Yíyọ géèmù kò pa sèéfù rẹ́ lórí PS5, ẹ fi ọkàn rẹ̀ balẹ̀ lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n sèéfù géèmù PS5 kò ṣeé dà sórí fíláàṣì. Orí Cloud ti PlayStation Plus, tí a ń sanwó fún, ni ẹ̀dà rẹ̀ ń lọ.

Mo ti da àwọn dískì PS1 mi àtijọ́ sórí kọ̀ǹpútà. Mo wá tún orúkọ wọn kọ kó lè lẹ́wà, ìgbà yẹn ni ọ̀pọ̀ kọ̀ láti ṣí. (Òǹkàwé, Ilé-Ifẹ̀)

Orúkọ tí ẹ yí padà ló fà á. Fáìlì .bin ló gbé géèmù, .cue jẹ́ ọ̀rọ̀ kékeré tó ń sọ ibi tí .bin wà. Ẹ fi Notepad ṣí .cue, ẹ máa rí ìlà kan tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú FILE, orúkọ .bin àtijọ́ wà láàárín àmì ọ̀rọ̀ níwájú rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ tuntun síbẹ̀ gẹ́lẹ́, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀. Géèmù tí orin rẹ̀ wà lórí síìdì lọ́tọ̀ lè ní .bin mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìlà FILE kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ tún ṣe.

Lẹ́yìn èyí, ẹ sọ wọ́n di CHD, kí wàhálà .cue tán. Ètò kékeré tó ń jẹ́ chdman, tó ń bá MAME (ètò tó ń mú géèmù àtijọ́ ṣiṣẹ́) wá, ló ń ṣe é:

chdman createcd -i "eré.cue" -o "eré.chd"

Fáìlì kan ṣoṣo ni géèmù kọ̀ọ̀kan á dà, á kéré sí i, kò sì ní sọ ohunkóhun nù. DuckStation àti RetroArch, àwọn ètò tó ń ṣí géèmù àtijọ́ lórí kọ̀ǹpútà, ń kà á. Fún èyí tó ju dískì kan lọ, bíi Final Fantasy VII tó ní mẹ́ta, ẹ ṣe fáìlì .m3u, kí ẹ kọ orúkọ CHD mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú rẹ̀, ìlà kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Géèmù kan ló máa hàn nínú àkọsílẹ̀, ẹ ó sì lè pààrọ̀ dískì láàárín eré.

Kí ẹ tó pa .bin rẹ́, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá dískì tó ti họ kò ba àwòkọ jẹ́: certutil -hashfile "eré.bin" SHA1. Ẹ fi nọ́ńbà tó bá jáde wé ti géèmù kan náà, ti àgbègbè kan náà, nínú àkọsílẹ̀ Redump, ìkànnì tó ń kó irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ jọ fún dískì géèmù. Tí kò bá bára mu, ẹ fi aṣọ rírọ̀ nu dískì láti àárín sí etí, kí ẹ tún un dà kọ.

Tí ṣọ́ọ̀bù kan bá kógbá wọlé, ṣé géèmù mi lọ nìyẹn? (Òǹkàwé, Houston)

Ó dá lórí ṣọ́ọ̀bù. Nintendo ti títajà lórí ẹ̀rọ géèmù rẹ̀, 3DS àti Wii U, pa ní March 27, 2023, Microsoft ti ti Xbox 360 pa ní July 29, 2024. Nínú méjèèjì, ẹni tó ti rà tẹ́lẹ̀ ṣì lè fà á wálẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n àánú olùtajà ni ìyẹn wà lórí. Ìyọ̀ǹda láti lò ó lẹ rà lórí Steam. Òfin Califonia tó bẹ̀rẹ̀ ní January 1, 2025 sì ti ní kí olùtajà sọ bẹ́ẹ̀ ní gbangba kí ènìyàn tó sanwó.

GOG yàtọ̀, torí ẹ lè fa ètò ìfisórí-ẹ̀rọ géèmù wálẹ̀, kó máa jẹ́ tiyín láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Èyí tó bá tóbi máa ń wá ní ègé: setup kan tó parí sí .exe, àti àwọn .bin tó ní -1, -2 lára. Inú fódà kan náà ni kí gbogbo wọn wà. Tí ẹyọ kan bá sọnù, ìyókù kò wúlò. Wọn kì í gba àtúnṣe tuntun fúnra wọn, torí náà ẹ kọ ọjọ́ sí orúkọ fódà, kí ẹ sì máa padà wò ó lẹ́ẹ̀kan lọ́dún.

Kí ilé-iṣẹ́ tó kógbá wọlé, nọ́ńbà fóònù tó ti di ti ẹlòmíràn lè ti ilẹ̀kùn mọ́ yín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi líìnì Nàìjíríà ṣí ákáǹtì kí ẹ tó rìnrìn àjò, líìnì tí a kò lò fún ìgbà pípẹ́ ni ilé-iṣẹ́ lè gbà padà kó tà fún ẹlòmíràn. Ẹ wọ ákáǹtì kọ̀ọ̀kan lónìí, ẹ pààrọ̀ nọ́ńbà àti ímeèlì tí ẹ kò lò mọ́, kí ẹ kọ kóòdù ìgbàpadà ti Steam Guard (ètò ààbò ákáǹtì Steam) sórí bébà, kí ẹ sì fi sínú àpò ìwé ìrìnnà yín.